Orí Kẹfà: Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́

Ọ̀nà tó ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà kò lè ṣe kó má gba Òṣú kọjá, ẹni tó bá sì gba Òṣú kọjá mọ̀ pé àkàrà ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn lọ lọ́wọ́ òfo. Kí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì tán, àkàrà á ti dé ojú fèrèsé. Nǹkan mìíràn wà lójú ọ̀nà yẹn tí kò ta sánsán bí àkàrà, àmọ́ tí ojú kì í fò: àwọn mọ́tò àtijọ́. Peugeot 504 tó ti lé ní ogójì ọdún, Volkswagen Ìjàpá tí ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan Peugeot 404 tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí olówó rẹ̀ ń búra pé òun ò ní tà á láyé.

Ọdún 1975 ló sọ àwọn mọ́tò wọ̀nyí di ará ilé. Inú oṣù kẹta ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504, inú oṣù yẹn kan náà sì ni Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé nígbà náà, àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà àti akọ̀wé tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn tẹ́lẹ̀ di ọlọ́kọ̀ lójijì. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn nìkan ni kò wọ́pọ̀. Karmann ní Jámánì ṣe Ìjàpá irú ẹ̀ láti 1949 títí di 1980, Pininfarina ní Ítálì sì ṣe ti 504 láti 1969 títí di 1983, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán wa àti òjò Ìjẹ̀ṣà kò fi bẹ́ẹ̀ bá irú ọkọ̀ yẹn ṣọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fáàrí nípa rẹ̀ lónìí, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ra Ìjàpá nígbà Udoji ti tó ọgọ́rin ọdún báyìí. Mọ́tò rẹ̀ lè gba ẹ́ńjìnnì tuntun, òun ò lè gbà á.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ abẹ́ igi ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fi yí padà. Tẹ́lẹ̀, kabúrétọ̀ àti púlọ́ọ̀gì ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà lé lórí. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti sọ ti kabúrétọ̀ tán, ó di ti oògùn. Ọ̀kan á ní: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀fọ́ mọ́." Èkejì á ní: "Ẹ̀fọ́ ṣì kéré. Ọmọ mi tó wà ní London ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípánà." Mẹkáníìkì tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò á dá sí i láti ìsàlẹ̀: "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ló ki jù, bí ọ́ìlì tó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Oògùn yẹn ń là á ni."

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ òótọ́, kò sì sí èyí tó délẹ̀ nínú wọn.

Ti mẹkáníìkì ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, torí òun ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwa Yorùbá. Ọ́ìlì tó ki àti ọ́ìlì tó ṣàn yàtọ̀ lójú, wọ́n yàtọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo wàfáríìnì, oògùn tí mẹkáníìkì ń sọ yẹn, kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fa ti àwọn méjèèjì sínú ìgò, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ṣàn, bákan náà ni wọ́n ṣe máa pọ́n. Ohun tó yàtọ̀ ni iye àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lò kó tó dì. Oògùn náà kò bu omi la ẹ̀jẹ̀. Ó kàn ń dá iṣẹ́ dídì dúró díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ dídì yẹn, ọ̀nà tó gùn ló ń gbà. Bí ọ̀bẹ bá ya ọwọ́, àwọn wóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ sáré kóra jọ sójú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í jí ara wọn, ọ̀kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí okùn tín-ín-rín á fi hun ara rẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Nọ́ńbà ni àwọn dókítà fi ń pè wọ́n. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀keje, ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án àti ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá kò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ fi fítámìnì K parí wọn. Ibẹ̀ ni wàfáríìnì gbé lúgọ. Kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámìnì K tó ti lò lẹ́ẹ̀kan lò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀dọ̀ á máa ṣe àwọn purotéènì náà lọ, àmọ́ aláìparí ni wọ́n. Àwọn tó pé tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sì í tán lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló fà á tí oògùn náà fi ń gba bí ọjọ́ márùn-ún kó tó múlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó gbàgbé ti àná kò ní mọ̀ ọ́n lára lónìí, ó sì lè rò pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ta ni wọ́n ń fún ní oògùn yìí? Àwọn tí ìyẹ̀wù òkè ọkàn wọn ń gbọ̀n dípò kó máa fún, tí ọkàn wọn ń lù ségesège. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sínú irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lè dì, kí ìṣù rẹ̀ já lọ sí ọpọlọ, kó sì di rọpárọsẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn onírin sí lọ́kàn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nílẹ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun dùn nígbà èwe, tí wọn ò rí ìtọ́jú tó yẹ gbà, tí àìsàn náà padà wá ba ìlẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Mọ́tò ló wà nídìí bí oògùn yìí ṣe dé ayé. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ed Carlson gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jáde láti àgbègbè Deer Park ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà á tó 190 máìlì nínú ìjì yìnyín. Òkú abo màlúù kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, koríko gbígbẹ tó wọn bí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn wà níbẹ̀, agolo wàrà kan sì wà tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú agolo yẹn kọ̀, kò dì. Dókítà ẹran ọ̀sìn ìjọba ni Carlson ń wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní títì. Láàbù Karl Paul Link ní Yunifásítì Wisconsin ló bá ní ṣíṣí. Link kò ní oògùn kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní kó má fún àwọn màlúù ní koríko yẹn mọ́, kó sì gbìyànjú láti fa ẹ̀jẹ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn lára. Carlson yí ọkọ̀ padà sínú yìnyín.

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1920 ni dókítà ẹran ọ̀sìn Frank Schofield ní Kánádà ti fi hàn pé koríko tó hu èbu ló ń pa màlúù, pé bí wọ́n bá gé ìwo wọn lásán, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn títí wọ́n á fi kú. Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ni èròjà tó wà nínú èbu náà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ilé ìwádìí Link fi wá a. Ní 1939, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Harold Campbell, rí i tó ń dán bí iyọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Àbúrò èròjà yẹn, èyí tó lágbára jù ú lọ, ni wọ́n gbé jáde lọ́dún 1948. Májèlé eku ni wọ́n fi ṣe. Àjọ tó ń náwó sí ìwádìí yunifásítì náà, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ WARF, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ: warfarin.

Bí májèlé eku ṣe wá di oògùn ènìyàn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1951, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan gbé e jẹ, ó fẹ́ fi pa ara rẹ̀. Kò kú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní fítámìnì K, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì gbádùn. Àwọn dókítà wò ó pé oògùn tó ní ẹ̀rọ̀ dájúdájú báyìí kò burú. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Dwight Eisenhower ní àrùn ọkàn ní Denver, òun náà sì wà lára àwọn tó lò ó. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò aláìlórùlé mọ Eisenhower dáadáa. Òun ló dúró nínú Cadillac Eldorado tí wọ́n ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń juwọ́ sáwọn èrò lọ́jọ́ tó gorí àlééfà lóṣù kìíní ọdún 1953. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn gba bàbá tó ń bẹ̀rù oògùn níyànjú, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ oògùn náà. Nọ́ńbà kan ni, INR, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1983 kí àyẹ̀wò Ìbàdàn àti ti London lè máa jọra. Ẹni tí kò lo oògùn, tirẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 1. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó, àárín 2 sí 3 ni dókítà ń fẹ́. Àwọn kan tó ní ìlẹ̀kùn onírin máa ń lọ sókè díẹ̀ sí i. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú ara láìsí ọgbẹ́. Ẹni tó bá wà ní Òṣú ò jìnnà sí Wesley Guild ní Iléṣà, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀, àjọ kan náà tí wọ́n ń pè ní OAUTHC ló ni méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tí kì í jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lè jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá láìyẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò. Òǹkọ̀wé yìí kà á sí ìwà tó burú ju fífọwọ́ kan sípánà lọ.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá gan-an wà nínú ìtàn oògùn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap lọ́dún 2002 láti wo bí àbùdá ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀: Utah ní Amẹ́ríkà, Beijing, Tokyo, àti Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún ọmọ Yorùbá ló fi tiwọn sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé ọgbọ̀n. Títí dòní, kò sí láàbù ńlá kan tó ń ṣèwádìí àbùdá tí kò mọ àmì tí wọ́n fún wọn, YRI. Nígbà tí wọ́n wá rí àbùdá tí wàfáríìnì ń bá jà, VKORC1, lọ́dún 2004, wọ́n lè wò ó lára gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ kí oògùn díẹ̀ tóni wọ́pọ̀ gan-an lára ará Ṣáínà àti Jàpáánù, ó wà níwọ̀nba lára òyìnbó Yúróòpù, ó sì ṣọ̀wọ́n lára Yorùbá. Ìyẹn ni pé, ní ìpíndọ́gba, oògùn tí aláwọ̀ dúdú nílò máa ń pọ̀ ju ti ará Yúróòpù lọ. Bàbá tó bá ń ráhùn pé oògùn tòun ju ti ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ òyìnbó lọ, kò túmọ̀ sí pé àìsàn tirẹ̀ le jù.

Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ní 2013, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní COAG, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti fi àbùdá díwọ̀n oògùn fún àwọn aláìsàn. Ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú burú sí i. Àwọn tí wọ́n fi àbùdá díwọ̀n tiwọn lo àsìkò tó kéré nínú ààlà INR tó yẹ ju àwọn tí wọ́n kàn fi ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara díwọ̀n tiwọn lọ. Ara òyìnbó ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò náà jọ. Àwọn ẹ̀yà àbùdá tó wọ́pọ̀ lára ọmọ Áfíríkà, bí èyí tí wọ́n ń pè ní CYP2C9*8, kò sí nínú rẹ̀. Fún ẹni tó wà ní Ìjẹ̀ṣà lónìí, abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fún INR ló ṣì mọ ìwọ̀n jù.

Oògùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun yẹ kó gba ìpínrọ̀ tirẹ̀. Wàfáríìnì ní àwọ̀ tó ń sọ bó ṣe lágbára tó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jẹ́ píńkì jẹ́ mílígíráàmù 5. Ní Amẹ́ríkà, píńkì jẹ́ mílígíráàmù 1 péré. Aláwọ̀ búlúù ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4. Ẹ wo bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Houston, tí èyí obìnrin wà ní Peckham, tí àwọn méjèèjì sì ń rọ oògùn sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bí bàbá yẹn bá ń fi àwọ̀ dá oògùn mọ̀, ó lè lo ìlọ́po márùn-ún ohun tó yẹ kó lò láìmọ̀. Nọ́ńbà ara páálí ni kó kà. Bí ojú rẹ̀ kò bá gbé e, kó fún ọmọ iléèwé kà.

Àwọn ọmọ kan náà yìí máa ń sọ pé wàfáríìnì ti di ti ayé àtijọ́, pé kí bàbá gba tuntun. Òótọ́ ni pé oògùn tuntun ti dé láti nǹkan bí ọdún 2010: dabigatran, rivaroxaban, apixaban. Wọn kì í béèrè INR, ẹ̀fọ́ kì í sì í dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ tí ọkàn wọn kàn ń lù ségesège ló ń jàǹfààní wọn. Ẹni tí ìlẹ̀kùn onírin wà lọ́kàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n ti fi dabigatran dánra wò fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tètè dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò torí pé ẹ̀jẹ̀ ń dì, ẹ̀jẹ̀ sì tún ń ṣàn. Ní 2022, ìwádìí INVICTUS, tí àwọn ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà kópa nínú rẹ̀, fi rivaroxaban wé àwọn oògùn bíi wàfáríìnì fún àwọn tí àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ìgbà èwe ba ọkàn wọn jẹ́. Èsì rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àwọn tó lo ti àtijọ́ ló kú díẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ṣàn ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ 504 yóò fẹ́ràn láti gbọ́ èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ tútù ní fítámìnì K púpọ̀ lóòótọ́, tẹ̀tẹ̀ ni o, ṣọkọ ni o, ewédú ni o, ẹ̀bọ̀lọ̀ ni o. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá lọ síbi ayẹyẹ tó jẹ iyán ẹlẹ́fọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, lè rí i pé INR rẹ̀ já wálẹ̀. Ohun tí oògùn náà ń fẹ́ ni kí ẹ̀fọ́ wà déédéé. Bí ó bá jẹ́ ṣíbí mẹ́ta lóòjọ́ ló ti mọ́ ọn lára, kó máa jẹ ṣíbí mẹ́ta lóòjọ́, kí dókítà sì díwọ̀n oògùn sí ẹ̀fọ́ náà. Láti sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé kó máa fi iyán jẹ ọbẹ̀ ata nìkan títí ayé, ìyà tí kò ní ìdí ni. Ó tún léwu. Nínú ìwádìí SIREN tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wọ́n fi àwọn 2,118 tó ní rọpárọsẹ̀ wé iye kan náà tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbégbá orókè nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù tó náà wà lára wọn. Torí náà, ẹni tó pa ẹ̀fọ́ tì nítorí oògùn tó ń gbà á lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ti ń bá ara rẹ̀ jà.

Ewu tó ń fara sin jù lójú ọ̀nà Òṣú ni kẹ́míìsì. Ara ríro á dé, wọ́n á ní kí wọ́n gún bàbá lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Fún ẹni tó ń lo oògùn yìí, abẹ́rẹ́ inú ẹran ara lè fa kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sínú iṣan náà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìdí wú, kó le. Bí wọ́n bá fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac, ìyẹn á tún ba ikùn jẹ́, á sì máa dí àwọn wóró inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Flagyl fún inú rírun àti Septrin fún ikọ́ máa ń gbé INR sókè. Rifampicin tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àgbo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ bí ewé àti egbò inú ìgò kan yóò ṣe bá wàfáríìnì ṣe, torí pé àgbo Mọ́ńdè kì í jọ àgbo Túsìdè. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó sọ fún dókítà kó tó mu ún, kó má ṣe fi pamọ́ bí ẹni tó jalè.

Aspirin kékeré náà wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fún ara wọn ní gbàrà tí wọ́n bá ti pé àádọ́ta ọdún. Ìwádìí ASPREE, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, wo àwọn àgbàlagbà tó lé ní ẹgbàásàn-án ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà tí ara wọn dá. Kò mú ẹ̀mí wọn gùn, kò dí àrùn ọkàn lọ́nà tó hàn. Ó kàn jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ ni. Ẹni tó wá kó aspirin pọ̀ mọ́ wàfáríìnì láìjẹ́ pé dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ìṣòro kún ìṣòro.

Sípánà kù. Ṣé bàbá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ni? Ó lè fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tí sípánà bọ́ gé máa ń ṣẹ̀jẹ̀ pẹ́ ju ti ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọgbẹ́ kékeré, á dúró. Aṣọ tó mọ́ ni kó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìgbé e sókè láti wò ó. Kò gbọdọ̀ da bẹntiróòlù sí i, kò gbọdọ̀ fi gírísì dí i, bó ti wù kí ọ̀gá mẹkáníìkì máa ṣẹ́jú sí i tó. Ìbọ̀wọ́ dára. Kó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tú bóòtù tó ti pata, kí òun jókòó sórí àpótí, kó máa pàṣẹ. Èyí tó yẹ kó ba gbogbo wọn lẹ́rù ni orí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 wúwo, irin tó ń gbé e dúró sì lè yẹ̀. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá já lu orí ẹni tó ń lo oògùn yìí, kò sí ti pé "kò dùn mí púpọ̀." Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra ṣàn sínú agbárí láìsí ọgbẹ́ lóde, kó tó ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kó má dúró de ọjọ́ INR.

Ìjókòó lẹ́yìn sítíárìn ní ewu tirẹ̀. Ní 1940, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń rọ̀ sórí London, dókítà kan, Keith Simpson, ṣàkíyèsí pé àwọn tó sá sínú ihò ààbò, tí wọ́n sì jókòó sórí àga lálẹ́ gbogbo, ń kú lójijì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ló já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní 1954, dókítà mìíràn, John Homans ní Boston, tún kọ̀wé lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò gígùn nínú mọ́tò sì wà nínú ohun tó kọ. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2007, fi yé wa pé ìrìn àjò tó bá ti tó wákàtí mẹ́rin ń sọ ewu yẹn di ìlọ́po méjì, ó kan mọ́tò, ó kan ọkọ̀ ojú irin, ó kan bàálù. Ewu náà kéré fún ẹni tára rẹ̀ dá, kì í kéré fún ẹni tó ti ní i rí. Ẹni tó ń wa 504 bọ̀ láti Èkó sí Iléṣà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì mú un ní Ìbàdàn, ti lo wákàtí mẹ́rin láìmọ̀. Kó sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjì, kó rìn, kó mu omi. Bó bá jẹ́ mọ́tò aláìlórùlé ni, omi yẹn á tún pọ̀ sí i, torí ooru máa ń gba omi lára àgbàlagbà kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Òṣú wà níbẹ̀ fún ìrìn náà, àkàrà sì wà, ẹ̀wà inú rẹ̀ kò ní fítámìnì K tó lè ṣe INR ní nǹkan kan.

Òpópónà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ àti Iléṣà ti gbẹ̀mí ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Wole Soyinka, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, nígbà tí Òṣú ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tó di 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, tí wọ́n sì fi òun náà ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá fà yọ nínú mọ́tò tó forí sọ igi lè máà lè sọ̀rọ̀. Dókítà tó gbà á sí wọ́ọ̀dù kò lè wo ojú rẹ̀ kó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ kì í gbàgbé pátíkúlà, wọ́n mọ̀ pé ọlọ́pàá á béèrè. Nínú rọ́bà kan náà tí ìwé mọ́tò wà, kí wọ́n fi káàdì kékeré kan sí i, tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó, èsì INR tó kẹ́yìn àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà nílé. Kí wọ́n fi irú rẹ̀ kan sínú àpò ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ jáde, torí mọ́tò lè jóná.